Alága ìjókòó ni mí, ìwé owó méjì wọlé tọ̀ mí lọ́sẹ̀ kan: èwo ni gbèsè mi níbẹ̀?

Alága Mobalùfọ̀n · Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, orí ti ń fọ́ mi.

Iṣẹ́ alága ìjókòó ni mò ń ṣe, ọdún keje rèé. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mobalùfọ̀n níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni mò ń kó aṣọ òkè tí mo fi ń yá àwọn ìyàwó sí, pẹ̀lú spíkà méjì, máìkì, àti jẹnẹrétọ̀ kan tí kì í gbọ́ràn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọkùnrin mẹ́ta tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n ní káńsù ló rán àwọn. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Nǹkan márùn-ún ló wà nínú ìwé náà: owó ṣọ́ọ̀bù, owó sáínbọ́ọ̀dù, owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, owó àríyá àti dídí ọ̀nà, àti èyí tí wọ́n pè ní "láísẹ́ǹsì eléré". Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦87,000. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún mi, wọ́n ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á fi àgádágodo ti ṣọ́ọ̀bù.

Àyà mi já. Mo fún wọn ní ₦5,000 kí wọ́n lè lọ. Wọn ò já rísíìtì fún mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìwé kejì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀, OGIRS, pé kí n wá sọ iye tó ń wọlé fún mi lọ́dún. Ṣé ohun kan náà kọ́ nìyẹn? Bí mo bá san ti àkọ́kọ́, ṣé ìkejì ti parí? Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí kó jọ̀ọ́ fọhùn. Ìdána ń bẹ lọ́rùn mi ní Sátidé, ẹbí ìyàwó ní Òdogbolú, ti ọkọ ń bọ̀ láti Ìperu. Ojú mi ò gbọdọ̀ dà bí ojú agbowó-orí lọ́jọ́ náà.

Onígángan Ìsarà · Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Alága, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má yọjú síbì kankan. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń lùlù, láti ìgbà tí bàbá mi ti ń mú mi kiri òde, kò sí ẹni tó bi mí pé èló ló wọlé. Tí orúkọ yín bá ti wọ ìwé wọn báyìí, ọdọọdún ni wọn ó máa wá yín wá. Ẹ kó ẹrù yín sílé, ẹ gbé sáínbọ́ọ̀dù wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ pe alága yóò pè é lórí fóònù.

DJ Ìjẹ̀bú-Igbó · Ọjọ́ Ajé, 10:22 àárọ̀

Bàbá, gángan yín ń wọ abẹ́ apá. Abẹ́ apá wo ni kí èmi kó spíkà mẹ́jọ sí?

Alága, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Òkú ìyá àgbà kan ni mo lọ ṣeré sí níbí, ní èṣí. Wọ́n ti ta tápólì dí títì látòkè délẹ̀, ìrẹsì ti ń lọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àpàlà Haruna Ishola sí i fún àwọn àgbà ni. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, mọ́tò kan dé. Wọ́n béèrè ìwé ọ̀nà. Àwọn ọmọ olóòkú ń nàka sí ara wọn: èyí ní ẹ̀gbọ́n ló gbà á, ẹ̀gbọ́n ní àbúrò ni. Kò sẹ́ni tó gbà á. Ta ni wọ́n wá dojú kọ? Èmi. Wọ́n yọ mísà mi lára wáyà báyìí, wọ́n gbé e sẹ́yìn mọ́tò. Mo ní èmi kọ́ ni mo dí ọ̀nà, ẹni tó ń sin òkú ló dí i. Wọ́n ní ẹ̀rọ mi ló ń pariwo. ₦20,000 ni mo fi gbà á padà, àwọn ọmọ olóòkú ò sì dá kọ́bọ̀ padà fún mi títí dòní.

Láti ọjọ́ náà, mo ti fi í sínú àdéhùn: ìwé ọ̀nà wà lọ́rùn ẹni tó ń ṣe ìnáwó, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi kí n tó sọ spíkà kalẹ̀. Ẹni tí ò bá gbà, kó lọ pe ẹlòmíràn.

Agbowó Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Alága, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gba owó fún káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì. Irú ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn yín yẹn, ọwọ́ mi ti kọ ọ́ rí.

Òfin kan wà, ti ọdún 1998, tó pín owó gbígbà sí mẹ́ta: èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, èyí tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Nínú ti ìjọba ìbílẹ̀ lẹ ó ti rí owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósì, owó sáínbọ́ọ̀dù, owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, owó ọjà, owó gáréèjì, kódà owó kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke wà níbẹ̀. Owó àríyá àti dídí ọ̀nà náà wà níbẹ̀, wọn ò parọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìnáwó bá wà ni wọ́n ń gbà á, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba títì. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn alága lọ́dọọdún. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí alága ń dí ni ọ̀nà ọkọ ìyàwó.

"Láísẹ́ǹsì eléré" yẹn, mi ò rí orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ohun tí òfin 1998 kà sílẹ̀ fún káńsù. Ẹ má bá wọn jà o. Ẹ kàn ní kí wọ́n fi òfin káńsù tó gbé e kalẹ̀ hàn yín, tòun ti nọ́ńbà àti ọdún rẹ̀. Tó bá wà, wọn á mú un wá. Tí kò bá sí, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa ń wojú ara wọn.

Ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bí tẹlifíṣọ̀n bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ san án. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 pàápàá dárúkọ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Spíkà ò kí ń ṣe rédíò, kí wọ́n má fi ìyẹn kún un.

₦5,000 yẹn ti lọ. Láyé tiwa, òṣìṣẹ́ kì í fọwọ́ kan owó. Báǹkì la ń darí èèyàn sí, yóò mú tẹ́là padà wá, a ó sì já rísíìtì ìjọba fún un. Òfin 1998 yẹn kan náà ló sọ pé ẹni tó bá ń gba owó-orí tí kò láṣẹ láti gbà, ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì. Ó sì ní kí wọ́n má dí títì láti fi gba owó-orí.

Tí ẹ bá ti san owó ṣọ́ọ̀bù fún káńsù, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tán nìyẹn. Ti OGIRS lọ́tọ̀, owó-orí lórí èrè iṣẹ́ yín nìyẹn, káńsù ò sí níbẹ̀ rárá.

MC Ìlíṣàn · Ọjọ́ Ajé, 1:31 ọ̀sán

Bàbá ní kí wọ́n má dí títì 😂 Ẹ jẹ́ ká jọ wọ bọ́ọ̀sì báǹdì kan láti Ṣágámù lọ sí Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé. Ká ka iye igi.

Lọ́rọ̀ ti OGIRS, Alága, ẹ ṣọ́ra gan-an. Mo gbọ́ pé nínú òfin tuntun yìí, tí owó yín bá ti kọjá ₦800,000 lọ́dún, 15% ni wọ́n ń gé lára gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá pa mílíọ̀nù méjì àti irinwó ẹgbẹ̀rún, ₦360,000 ti wọgbó. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Akọ̀wé Owó Ṣágámù · Ọjọ́ Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́

MC, ẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọlọ́mọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni kí n máa bá àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ṣe ìwé owó-orí, mo sì ní eléré mẹ́rin lọ́wọ́. Òfin owó-orí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ohun tó sọ ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ ò ní owó-orí. Ohun tó bá lé lórí ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gba 15% lára ẹ̀, títí dórí mílíọ̀nù mẹ́ta. Tó bá kọjá ibẹ̀, lára èyí tó tún lé ni wọn ó ti gba 18%. Kò sẹ́ni tó ń gé gbogbo ẹ̀.

Ìkejì tí MC ò sọ: èrè ni wọ́n ń wò, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ rẹ kọjá. Alága, ẹ jẹ́ ká fi yín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní òde 40 lẹ lọ lọ́dún, ₦60,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. ₦2,400,000 nìyẹn. Àwọn onílù tó ń tẹ̀lé yín, ₦15,000 lóde kan: ₦600,000. Ọkọ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀, ₦7,000 lóde kan: ₦280,000. Owó ilé ṣọ́ọ̀bù, ₦150,000. Aṣọ fífọ̀, bátìrì máìkì, káàdì fóònù, ká pè é ní ₦70,000. Àpapọ̀ ìnáwó, ₦1,100,000. Ó ku ₦1,300,000. Tí ẹ bá ń san ₦300,000 fún ilé tí ẹ ń gbé, òfin gbà kí ẹ yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bí kò bá ti kọjá ₦500,000. Ìyẹn ₦60,000. Ó ku ₦1,240,000. Ẹ yọ ₦800,000 tí wọn ò fọwọ́ kàn, ó ku ₦440,000. 15% rẹ̀ jẹ́ ₦66,000 fún odindi ọdún kan. ₦5,500 lóṣù. MC, ẹ fi wé ₦360,000 yín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló fa gbogbo ẹ̀. Tí ẹ ò bá ní ìwé ìṣirò, wọn á fojú dá a fún yín, ojú wọn kì í sì í rí nǹkan kékeré. Tí ìfojúdá náà bá pọ̀ jù, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti kọ̀wé pé ẹ ò gbà, láti ọjọ́ tí ìwé náà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá Onígángan. Ẹni tó bá ju ìwé wọn sílẹ̀ ń jẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn kọjá lórí òun.

Kí ẹ kọ èrè yín sílẹ̀ kí ẹ sì kó o lọ, ó ní gbèdéke: ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Kódà bí ẹ ò bá jẹ kọ́bọ̀. Nínú òfin tuntun yìí, ẹni tí kò kó tirẹ̀ lọ, ₦100,000 ní oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 ní oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e. Ìyà yẹn ju owó-orí gan-an lọ.

Bàbá Fẹ̀yìntì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibì kan ṣẹ́ kù. Òfin 1998 tí ẹ kà fún káńsù ní owó ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, ó sì tún fún ìpínlẹ̀ ní owó ìforúkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́. Ti ìgboro, ó ní kó má kọjá ₦10,000 nígbà àkọ́kọ́, ₦5,000 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Ti ìgbèríko, ₦2,000 àti ₦1,000. Ṣọ́ọ̀bù kan náà, ìwé méjì. Kí ẹnu má ya Alága tí ẹlòmíràn bá tún kanlẹ̀kùn.

Agbowó Fẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, mo gbà. A máa ń bá àwọn ti ìpínlẹ̀ fa ìyẹn ní ọ́fíìsì nígbà náà.

Alága Mobalùfọ̀n · Ọjọ́ Ajé, 9:37 alẹ́

Ọlọ́run yóò bá mi san oore yín. Akọ̀wé, ó kù díẹ̀ kí iye òde mi bá ti àpẹẹrẹ yín mu, àfi bí ẹni pé ẹ ti yẹ báàgì mi wò.

Ìbéèrè kan ló kù, òun ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ẹ mọ iṣẹ́ wa. Ẹbí ọkọ dé ẹnu ọ̀nà, mo gba owó ìkanlẹ̀kùn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, mo ní kò kanlẹ̀, wọ́n tún fi owó bẹ̀ mí. Owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, owó ìyàwó ilé, gbogbo ẹ̀ ń gba inú abọ́ mi kọjá, mo sì ń fún ìyá ìyàwó lẹ́yìn tí ètò bá parí. Díẹ̀ ni tèmi níbẹ̀. Ká tó wá sọ owó ìná: bí orin bá dùn, wọ́n á lẹ owó mọ́ mi níwájú orí. Èwo ni kí n kọ nínú gbogbo ìyẹn? Ọjọ́ míì, owó ìná ju owó iṣẹ́ lọ.

Onígángan Ìsarà · Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Ẹ̀bùn ni owó ìná. Ta ló ń san owó-orí lórí ẹ̀bùn? Mo ki èèyàn, orí rẹ̀ wú, ó fún mi. Kò jẹ mí, n ò jẹ ẹ́.

Akọ̀wé Owó Ṣágámù · Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Bàbá, tí ẹ ò bá gbé gángan dání, ṣé yóò fún yín? Iṣẹ́ yín ló mú un wá. Èmi máa ń ní kí àwọn tèmi kọ ọ́ mọ́ owó tó wọlé.

Alága, ohun tó gba inú abọ́ yín kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹbí kì í ṣe tiyín, ẹ má kọ ọ́ mọ́ èrè. Èyí tó dúró sọ́wọ́ yín ni kí ẹ kọ. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an kí ẹ tó bọ́ gèlè. Tó bá di ọ̀la, iye ọ̀hún á ti yí padà lórí yín.

DJ Ìjẹ̀bú-Igbó · Ọjọ́ Ajé, 10:26 alẹ́

Mi ò gbà pátápátá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó fún mi ní ₦2,000 kí n tún orin àyànfẹ́ ẹ̀ gbé, ó di owó-orí? Ká kúkú máa já rísíìtì lórí sítéèjì.

Agbowó Fẹ̀yìntì · Ọ̀jọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ohun tó wà lórí owó ìná ju owó-orí lọ. Òfin báǹkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ná náírà sára èèyàn lóde: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kóòtù rán Bobrisky lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Ẹni tó ná an ni òfin ń mú, àmọ́ kò dáa kí wọ́n rí yín nínú fídíò tí ẹ ń ṣa á nílẹ̀. Ẹ gbé àpótí kan síwájú, kí wọ́n fi sínú àpòòwé.

Onígángan Ìsarà · Ọ̀jọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Àpótí. Ní òde Ìjẹ̀bú. Hàà.

Olórí Báǹdì Mákun · Ọ̀jọ́ Ìṣẹ́gun, 11:15 àárọ̀

Mo ti ń kà á bọ̀ láti àná. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí Alága ṣì máa débẹ̀ tí iṣẹ́ bá gbòòrò.

Ilé iṣẹ́ kan gbà wá lọ́dún kan pé ká wá ṣeré fún àwọn àlejò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba. ₦600,000 la fẹnu kò sí. ₦570,000 ló wọ àkáǹtì. Ìlù ò tíì tutù tí àwọn ọmọ mi ti ń fẹ̀sùn kàn mí pé mo ti jẹ ₦30,000. Mo pe akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà, ó ní owó-orí làwọn yọ sílẹ̀, 5%, pé àwọn á san án fún ìjọba lórúkọ mi. Mo gbà, mo sọ fóònù kalẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Mi ò béèrè ìwé ẹ̀rí pé wọ́n san án. Nígbà tí mo dé OGIRS, wọ́n ní kí n mú un wá kí àwọn lè yọ ₦30,000 náà kúrò nínú ohun tí mo jẹ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lé ìwé yẹn kiri. Ní báyìí, ọjọ́ tí owó bá wọlé ni mo ń béèrè rẹ̀.

Àwa tí à ń gbé Rẹ́mọ tí à ń lọ ṣeré l'Ékòó, ibi tí èèyàn ń gbé ló ń san owó-orí èrè iṣẹ́ rẹ̀ sí. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi l'Ékòó lẹ́ẹ̀kan, mo fi ìwé owó-orí Ògùn hàn wọ́n, wọ́n fi mí sílẹ̀.

Ẹ má sì da owó ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ owó-orí. Mo ń san owó PMAN, ẹgbẹ́ àwa olórin, torí ẹgbẹ́ mi ni. Kò gba ipò owó ìjọba. Owó "ọmọ àdúgbò" tí àwọn kan ń gbà lẹ́nu géètì, orúkọ yẹn ò sí nínú òfin kankan.

Bàbá Onígángan, ohun tó mú èmi forúkọ sílẹ̀ ni pé ìjọba pe báǹdì mi fún ètò kan, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí owó-orí ọdún mẹ́ta wá. Mi ò ní. Báǹdì mìíràn ló lọ. Tẹlifíṣọ̀n ni mo ti wò wọ́n.

Alága Mobalùfọ̀n · Ọjọ́ Ẹtì, 3:20 ọ̀sán

Mo ti dé o.

Mo lọ sí ọ́fíìsì káńsù fúnra mi ní Ọjọ́rú, mo mú ìwé yẹn dání. Obìnrin tó wà lórí tábìlì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo béèrè òfin tó gbé láísẹ́ǹsì eléré kalẹ̀, bí Bàbá Fẹ̀yìntì ṣe kọ́ mi. Ó wo ìwé náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó wọ yàrá inú. Nígbà tó jáde, ó ti fi gègé pupa fa igi lé e lórí. Ó fa igi lé owó àríyá náà, ó ní ìgbà tí mo bá fẹ́ dí ọ̀nà ni kí n wá. Mo ní èmi ò ní tẹlifíṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní wọ́n á wá wò ó. Ó ku ṣọ́ọ̀bù àti sáínbọ́ọ̀dù, ₦24,000. Mo san án ní báǹkì, rísíìtì ti wà lọ́wọ́ mi. Mo béèrè àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn. Ó ní ṣé mo mọ orúkọ wọn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó kàn mi orí.

OGIRS ní kí n mú ìṣirò mi wá kí oṣù kẹta tó parí. Mo ti ra ìwé náà, mo jókòó ti fóònù ní alẹ́ àná, mò ń ṣa àlẹ́ẹ̀tì báǹkì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá. Ẹ ò ní gbà gbọ́: mo ti ń rò pé jẹnẹrétọ̀ yẹn ń bá mi ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń bá a ṣiṣẹ́. Owó epo ẹ̀ ju owó tí mò ń fún àwọn onílù lọ.

Onígángan Ìsarà · Ọjọ́ Ẹtì, 8:44 alẹ́

Alága, ẹ kú ìrìn.

Akọ̀wé, mi ò ní mo fẹ́ lọ o. Mo kàn ń béèrè ni. Tí èèyàn bá ń pààrọ̀ awọ gángan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ṣé wọ́n ń ka ìyẹn mọ́ ìnáwó?

Akọ̀wé Owó Ṣágámù · Ọjọ́ Ẹtì, 8:51 alẹ́

Wọ́n ń kà á sà. Irinṣẹ́ yín ni. Ẹ gba rísíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Onígángan Ìsarà · Ọjọ́ Ẹtì, 8:53 alẹ́

Ẹni tó ń ṣán ìlù fún mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kò mọ̀wé.

Akọ̀wé Owó Ṣágámù · Ọjọ́ Ẹtì, 8:55 alẹ́

Ẹ bá a kọ iye àti ọjọ́ sínú ìwé, kó tẹ̀ka sí i. Ẹ mú tádà dání lọ.